Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí Àbújá lé, tí Kùtọnu gbà

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Nàìjíríà ń bá Benin gbá bọ́ọ̀lù ní Abidjan, nínú ìdíje láti yege fún Ife Àgbáyé 2026. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ọjà wa kún fọ́fọ́, àwa tí a tètè dé nìkan la rí bẹ́ǹṣì jókòó lé. Nígbà tí Raphael Onyedika gbá tiwa sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 27, ẹnì kan ti ń béèrè pé mélòó la máa fi na àwọn ará Benin. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Jodel Dossou ti dá a padà, Steve Mounié sì ti fi ìkejì lé e. Bó ṣe wà nìyẹn títí rẹfirí fi fọn fèrè ìkẹyìn: 2-1. Kì í ṣe àwọn gọ́ọ̀lù yẹn nìkan ló ń dun àwọn èèyàn. Gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá ti yíjú sí ẹ̀gbẹ́ pápá, bàbá òyìnbó onírun funfun kan ló ń hàn, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbà mí o, ṣé kì í ṣe bàbá wa nìyẹn ni?"

Bàbá wa ni lóòótọ́. Gernot Rohr lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì tó ti di ọmọ Faransé. Òun ló tukọ̀ Super Eagles láti oṣù Kẹjọ ọdún 2016 títí wọ oṣù Kejìlá ọdún 2021. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lo ọdún tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn ní àlọ kan rí. Àwa la lé e, àwọn aládùúgbò wa ló gbà á. (Benin tí mò ń wí yìí, ti Kùtọnu àti Àjàṣẹ́ ni o, kì í ṣe Bìní ọmọ Ọba Ẹdó.) Títí di òní, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ Ife Àgbáyé 2026 ti délẹ̀, tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé báwo ló ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, orúkọ ọkùnrin yìí á jáde. Àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní àṣírí wa ló gbé lọ tà. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ó yẹ ká tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ta èèyàn lára jù. Nígbà tí ìdíje láti yege fún Ife Àgbáyé parí nínú ìsọ̀rí C lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, Gúúsù Áfíríkà ní àmì 18, Nàìjíríà ní 17, Benin náà ní 17. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ni Super Eagles gbá nínú ìsọ̀rí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ti Abidjan tí mo sọ yẹn, lọ́wọ́ Rohr. Ká ní ọ̀mì la ta lọ́jọ́ náà, 1-1, à bá ní àmì 18 bíi ti Gúúsù Áfíríkà. Ká wá yọ gọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wọlé wa kúrò nínú èyí tí a gbá wọlé ẹlòmíràn, 8 ni ì bá kù sí wa lọ́wọ́, 6 ni tiwọn. Àwa ni à bá lọ tààrà. Lóòótọ́, ọ̀mì márùn-ún la ta nínú ìdíje náà, ti Lesotho sì wà lára wọn, nílé wa ní Uyo, nítorí náà a ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ọ̀mì? Ìyà tí ẹni tí a lé nílé fi jẹ wá lèèyàn ń rántí.

Ta gan-an wá ni Rohr? Ìlú Mannheim ní Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1953. Ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún Bayern Munich nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n Bordeaux ní Faransé ló ti di èèyàn, ó lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀, ó gba ife líìgì Faransé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bordeaux yìí náà ló ti wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lọ́dún 1996, AC Milan na ikọ̀ rẹ̀ ní 2-0 nínú ìdíje UEFA Cup, gbogbo ayé sì ti rò pé ó parí. Nígbà tí wọ́n padà pàdé ní Bordeaux, 3-0 ni Rohr fi dá wọn lóhùn. Zidane, Lizarazu àti Dugarry wà nínú ikọ̀ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn níta Faransé kò tíì mọ orúkọ wọn. Bayern ló na wọ́n nínú àṣekágbá. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Áfíríkà: Gabon, Niger, Burkina Faso. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ Niger, tó sì gbé wọn dé AFCON 2013, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, kì í ṣe ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ tó le.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilé ti ń jó díẹ̀díẹ̀. A ò sí ní AFCON 2015, ti 2017 náà ti bọ́ kó tó dé. Ìsọ̀rí tí wọ́n wá kó wa sí fún Ife Àgbáyé 2018 burú: Cameroon, Algeria, Zambia, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló sì máa yege. Rohr gbà á nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣì kù. Cameroon tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà, 4-0 la fi nà wọ́n ní Uyo. Ẹ sì jẹ́ kí n bu iyọ̀ díẹ̀ sí i: Hugo Broos ló wà lẹ́yìn Cameroon lọ́jọ́ náà, òun kan náà ló wá gba Ife Àgbáyé 2026 mọ́ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Áfíríkà, bí ọjà ọrọọrún ló rí. Ojú kan náà lèèyàn ń bá pàdé, ìsọ̀ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀.

Ní Russia, a na Iceland, Argentina sì fi gọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú 86 lé wa wálé. Ní AFCON 2019 a ṣe ipò kẹta, lẹ́yìn tí Riyad Mahrez ti Algeria gbá ti ìkẹyìn yẹn wọlé wa ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nígbà tí gbogbo wa ti ń múra àfikún àkókò. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ wẹ́rẹ́. Àmọ́ lóṣù Kọkànlá ọdún 2020, a ti ń fi 4-0 na Sierra Leone ní Ìlú Bìní, kí a tó mọ̀, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, 4-4. Mi ò tíì rí ẹni tó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn tó lè rẹ́rìn-ín sí i títí di òní. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Central African Republic wá sí Èkó, wọ́n fi 1-0 nà wá ní pápá Teslim Balogun. Àwọn èèyàn ní kì í wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nílé, pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan lojú rẹ̀ mọ̀, pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ládùn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2021, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, fún un níwèé gbélé ẹ. AFCON ti Cameroon kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ mọ́ nígbà náà. Augustine Eguavoen gba ipò adelé, ó gba gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú ìsọ̀rí, Tunisia sì lé wa jáde ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Lóṣù Kẹta ọdún 2022, Gáànà gba Ife Àgbáyé ti Qatar mọ́ wa lọ́wọ́ ní Àbújá. Ọ̀mì lásán ni, 1-1, gọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá nílẹ̀ onílẹ̀ ló sì gbé wọn kọjá.

Rohr kò kàn káàárẹ̀ lọ. Ó gbé NFF lọ sọ́dọ̀ FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, torí owó ìwé àdéhùn tí wọn kò jẹ́ kó parí, FIFA sì dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san owó tó lé ní 377,000 dọ́là fún un. Níbí ni òfin ti wọlé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn wa ti ń ṣìnà.

FIFA ti kọ òfin tó dá lórí ìwé àdéhùn àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2021. Ní kúkúrú, bí o bá lé ẹni tí o gbà síṣẹ́ kí àdéhùn tó parí, láìsí ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, o máa sanwó. Pé ikọ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù tó dùn kì í ṣe ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin. Ṣùgbọ́n bí o bá ti lé e tán, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti lọ síbi tó wù ú. Ti agbábọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè kan gbá ìdíje pàtàkì, àfi kó gba inú àwọn ihò abẹ́rẹ́ díẹ̀ tí FIFA fi sílẹ̀ kó tó lè pààrọ̀ orílẹ̀-èdè. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Lánàá ó ń kọ orin orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú yín, lọ́la ó dúró lódìkejì pápá. Ìwé àdéhùn ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìdodo.

Àwa gan-an mọ̀ ọ́n ṣe, a kàn ń gbàgbé ni. Stephen Keshi, balógun ikọ̀ wa tó gba AFCON 1994, ló gbé Tógò lọ sí Ife Àgbáyé 2006, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn, lọ́dún kan náà tí Nàìjíríà kò lè lọ. Àwọn ará Lomé lé e kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Mali, ó wá padà wálé wá gba AFCON 2013 fún wa. Ní òpin ìdíje yẹn, Keshi na Mali, ikọ̀ tó ti kọ́ rí, ní 4-1 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Éric Chelle tó ń kọ́ Super Eagles láti oṣù Kìíní ọdún 2025 náà, Mali ló ti wá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká rékọjá Sẹmẹ.

Benin tí Rohr bá nílẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2023 kò rí bí ẹni tó fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní AFCON 2019 ni wọ́n ti dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn láìna ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta kiri, pẹnáríti ni wọ́n fi lé Mòrókò jáde. Michel Dussuyer tó kó wọn lọ kúrò lẹ́yìn tí wọn kò lọ sí AFCON tó tẹ̀ lé e. Moussa Latoundji, ọmọ Àjàṣẹ́ (etí Yorùbá á gbọ́ Látúnjí níbẹ̀), ló wá ń ṣe adelé. Ìjọba wọn náà pa orúkọ ikọ̀ dà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, lóòótọ́ ni, ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi. Lọ́dún 2022 wọ́n yí i sí Guépards, ẹranko tó jọ ẹkùn tó ń sáré bí ìjì. Àmọ̀tẹ́kùn ni èmi máa ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó pààrọ̀ orúkọ láì pààrọ̀ ìṣe, ọ̀kẹ́rẹ́ náà ni.

Ẹni tí wọ́n ń wá yé wọn: ẹni tó gbọ́ Faransé, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yege ní Áfíríkà, tí kò sì ní fi owó pa wọ́n. Rohr ti wà nílé fún oṣù mẹ́rìnlá. Wọn kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbà á, torí kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kíláàbù tó bá fẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á kọ́kọ́ ra ìwé àdéhùn rẹ̀ bí ẹni ń ra agbábọ́ọ̀lù. Àwọn ará Kùtọnu kàn mú ohun tí a jù síta.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí, òun sì ni àwọn èèyàn kì í sọ. Rohr kọ́kọ́ já kúlẹ̀. Benin kò yege fún AFCON 2023. Mozambique ló nà wọ́n lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, 3-2. Nínú ìdíje Ife Àgbáyé, wọ́n fi ìyà ti Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ta ọ̀mì pẹ̀lú Lesotho. Wọn kò tilẹ̀ ní pápá tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, fọwọ́ sí nílé, Abidjan ni wọ́n ti ń gba àlejò, nílẹ̀ Ivory Coast, tí Gáànà àti Tógò wà láàárín. (Ibẹ̀ ni àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ayé àwọn bàbá wọn, nítorí náà èdè Yorùbá kò ṣàì sí ní ìlú náà.) Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, wọn ì bá ti lé e, wọn ì bá sì ti máa wá owó tí wọ́n máa san fún un. Àwọn ará ibẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá ka iye èèyàn tí Nàìjíríà lò ní ìgbà tí Rohr fi wà ní Kùtọnu. José Peseiro ará Pọtogí gbé wa dé àṣekágbá AFCON 2023, àdéhùn rẹ̀ parí, ó lọ. Finidi George tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó gbá ìdíje méjì péré nínú ti Ife Àgbáyé, ọ̀mì pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà àti ìyà ti Abidjan yẹn, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Lóṣù Kẹjọ, NFF kéde Bruno Labbadia, ọmọ Jámánì mìíràn. Ọ̀rọ̀ owó orí dá ìjà sílẹ̀, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dé Nàìjíríà tí gbogbo rẹ̀ fi túká láàárín ọjọ́ díẹ̀. Eguavoen tún di adelé. Lẹ́yìn náà ni Chelle dé. Èèyàn márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn kò sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti Abidjan, Rohr ti lo oṣù mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Finidi kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méje.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ti àṣírí wá ńkọ́? Mo gbà pé ẹni tó bá èèyàn gbé fún ọdún márùn-ún mọ ìwà rẹ̀. Rohr mọ ẹni tí inú máa ń bí tètè, ó mọ ẹni tí kì í fẹ́ padà sẹ́yìn wá ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti di ayé fídíò. Kò sí ohun tí Alex Iwobi ń ṣe lórí pápá tí ọmọdé kan ní Parakou kò lè rí lórí fóònù rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àṣírí ló ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Rohr ti kó Benin pàdé wa. Èyí tó gbà ni ti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, nínú ìdíje láti yege fún AFCON, 3-0 la fi nà án ní Uyo, Ademola Lookman jẹ méjì. Lóṣù Kọkànlá, a ta ọ̀mì 1-1 ní Abidjan. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, 4-0.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí nǹkan kan. Victor Osimhen kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a fìdí rẹmi, ara rẹ̀ kò yá. Ó wà nínú mẹ́ta yòókù, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú gbogbo wọn: ọ̀kan, ọ̀kan, mẹ́ta. Ta ló sì kọ́kọ́ fún Osimhen láǹfààní láti wọ aṣọ Super Eagles lọ́dún 2017, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún? Rohr yìí náà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tó mọ ibi tí ọmọ yẹn máa ń gbà yọ sí ẹ̀yìn àwọn adènà, òun ni. Mímọ̀ ọ́n kò sì dá a dúró. Àṣírí kì í ṣọ́ atamátàsé.

Ohun tí Rohr gbé lọ, lójú tèmi, ṣeé rí nínú àbájáde àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀: 1-0 pẹ̀lú Rwanda, 1-0 pẹ̀lú Zimbabwe, 1-0 pẹ̀lú Rwanda lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dùn ún wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa nígbà rẹ̀ kò dùn ún wò, òun ni a sì fi lé e. Ẹ̀yìn tó dí, sùúrù, gọ́ọ̀lù kan, kí o sì gbé àmì mẹ́ta lọ sílé. Fún orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní kíláàbù ńlá kò pọ̀, oògùn ni. Fún Nàìjíríà tó gbà pé ó yẹ kí òun fi mẹ́rin-mẹ́rin na gbogbo èèyàn, àbùkù ni.

Gọ́ọ̀lù tí wọ́n fi na Rwanda ní Kigali lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọmọ Èkó ló gbá a wọlé. Ẹ má ṣe yà á sí àwàdà: Tosin Aiyegun, ní Èkó ni wọ́n ti bí i, Benin ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Junior Olaitan náà wà nínú ikọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lórí rédíò láì mọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ń lọ lè rò pé Shooting Stars ni. Àwọn òyìnbó tó fa ààlà gba àárín ilé kọjá, wọ́n fi Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sápá kan, wọ́n fi ìyókù sápá kejì, nítorí náà nígbà tí Nàìjíríà àti Benin bá pàdé, àwọn kan wà láàárín wa tí ìwé ìrìnnà nìkan ló ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pariwo fún.

Gọ́ọ̀lù Aiyegun yẹn ló gbé Benin sókè tente. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù: Benin ní 17, Gúúsù Áfíríkà ní 15, torí FIFA ti yọ àmì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn nítorí Teboho Mokoena tí wọ́n lò nígbà tó yẹ kó jókòó sílé. Àwa ní 14. Orílẹ̀-èdè tí kò lọ sí Ife Àgbáyé rí láyé, ọjọ́ kan ló kù fún un, Nàìjíríà ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ wa ṣe ń bọ̀ láti Polokwane, dígí iwájú bàálù wọn sán lójú ọ̀run, wọ́n ní láti padà sọ̀ kalẹ̀ sí Angola. A ń gbàdúrà, a sì ń ṣírò gọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, ni wọ́n pàdé ní Uyo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Osimhen fi ṣí i. Frank Onyeka ló dì í ní àfikún àkókò. Benin bọ́ láti ipò kìíní sí ipò kẹta láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, Gúúsù Áfíríkà na Rwanda ní 3-0, wọ́n kọjá. Àwa gba ipò kejì, a lọ sí Mòrókò, a na Gabon, DR Congo sì fi pẹnáríti lé wa wálé.

Nítorí náà, ẹ bi mí pé kí ni Rohr fún Benin. Kò fún wọn ní Ife Àgbáyé. Ó fún wọn ní ọjọ́ kan tí wọ́n sún mọ́ ọn débi pé wọ́n lè fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ó fún wọn ní Botswana. Ní AFCON 2025 ní Mòrókò, Benin na Botswana ní 1-0, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa na ẹnikẹ́ni nínú ìdíje náà látìgbà tí wọ́n ti ń lọ. Wọ́n kọjá ìsọ̀rí. Íjíbítì ní láti lo àfikún àkókò kó tó borí wọn, 3-1. Tiwa ṣe ipò kẹta lábẹ́ Chelle, èyí tí Rohr náà ṣe fún wa lọ́dún 2019. Ó wù mí kí NFF fún ọkùnrin ará Mali yẹn ní àkókò. Mi ò fi orí mi sọ̀ ọ́ o.

Mo ní àbúrò kan tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́, ọmọ àbúrò ìyá mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n nà wá ní Abidjan, ohùn ló fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ bá wa kí gbogbo ilé. Ẹ sì ṣeun tí ẹ fún wa ní bàbá." Mi ò dá a lóhùn. Mo dúró fún oṣù mẹ́rìndínlógún. Lálẹ́ ọjọ́ ti Uyo, mo fi ohùn tirẹ̀ gan-an ránṣẹ́ padà sí i, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ó rí i, kò fèsì. Nígbà tó wá di ọjọ́ ti Botswana, ohùn rẹ̀ dé lẹ́yìn tí fèrè ìkẹyìn fọn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sétí. Kò sọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan gbáko, hóònù àwọn ọlọ́kadà Àjàṣẹ́ lásán ni, pẹ̀lú ìlù, àti obìnrin kan tó ń fi èdè Gùn kọrin nítòsí fóònù.